Ojú Ọ̀nà Wà Lára Iṣẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àlàáfíà Òṣìṣẹ́ ní Àbújá



Bí a bá dárúkọ àlàáfíà òṣìṣẹ́, owó oṣù ni ọkàn gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2024, òfin gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 dé ₦70,000. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, lóṣù Karùn-ún 2023, ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì ti fò sókè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀nà yìí ni mo bá wá. Ìrìn òṣìṣẹ́ láti ilé dé ibi iṣẹ́ wà lára iṣẹ́, ó sì yẹ kí ọ̀gá tó bá ń wá àlàáfíà àwọn ènìyàn rẹ̀ kà á mọ́ iṣẹ́.

Ẹ wo bí ìrìn náà ṣe di gígùn: ní 1976 ni òfin dá agbègbè olú-ìlú Àbújá yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló rí ilé ìjọba gbé láàárín ìlú láyé ìgbà náà. Nígbà tó di 2005, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ẹni tágbára rẹ̀ ká a rà. Ẹni tágbára rẹ̀ kò ká a kó ẹrù, ó di Nyanya, Kubwa, Lugbe tàbí Gwagwalada. Àwọn mìíràn kọjá ààlà lọ sí Mararaba ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Iṣẹ́ wà láàárín ìlú, òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn odi.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Nyanya ní ìdájí mọ ohun tí mò ń wí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àìrí ọkọ̀ wọ̀, ìbẹ̀rù ọkọ̀ “one chance” tí àwọn olè fi ń ja èrò lólè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ Nyanya nígbà tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó kú lé ní 70. Ọkọ̀ ojú irin ìbá dín ìyà ọ̀nà yìí kù, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tún ṣí lóṣù Karùn-ún 2024 ń lọ sí Idu àti pápákọ̀ òfuurufú. Kò dé Nyanya.

Òfin Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ti mọ ewu ojú ọ̀nà yìí. Abala keje rẹ̀ sọ pé ẹni tí jàǹbá bá ṣe lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ sí ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibi tó ń gbé ṣáájú. Abala kẹjọ ka ìdààmú ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì lẹ́nu iṣẹ́ fà mọ́ ọn, bí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú yìí. Wọn kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Agbálẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà wà lábẹ́ òfin yìí bí ọ̀gá àgbà ṣe wà.

Bí òfin bá ka ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí àwa kò kà á mọ́ ọn lọ́jọ́ tí kò sí jàǹbá?

Ẹnìkan lè ní àsìkò iṣẹ́ ìjọba kì í yí padà. Iye wákàtí ni kó má yí padà. Kí àwọn kan wọlé láago méje, kí àwọn mìíràn wọlé láago mẹ́wàá, kí oníkálukú ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé. Ẹni tó ti dúró lórí ìdúró fún wákàtí méjì kó tó jókòó sídìí fáìlì yóò ṣàṣìṣe, aráàlú ni yóò sì jìyà rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ máa gba ibi tí wọ́n ń gbé gan-an. Kí a má pe ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ rí i pé àdírẹ́sì yín tòótọ́ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tàbí ẹbí yín gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ògiri, ní èdè tí awakọ̀ àti agbálẹ̀ yóò gbọ́. Kí ẹ tó ṣètò àkókò iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń bọ̀.