Kí Ẹ Sún Mọ́ Mẹkáníìkì

Ẹni tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ ọ́ kiri Ìbàdàn mọ ohun tí ojú bíréèkì ń rí. Bí mọ́tò bá fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ máa ń dà sí. Ìdí nìyẹn tí páàdì bíréèkì iwájú fi sábà máa ń tètè jẹ ju ti ẹ̀yìn lọ.

Tí mẹkáníìkì bá ń tú táyà láti wo páàdì, ẹ má lọ jókòó sábẹ́ igi. Ṣé jáàkì nìkan ló gbé mọ́tò dúró? Jáàkì máa ń yọ̀ o! Kí mẹkáníìkì ki nǹkan tó lágbára sábẹ́ mọ́tò. Tó bá yọ kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì pọ̀, kó fi wáyà so ó mọ́kè, kó má fi ọ̀pá rọ́bà tí óìlì bíréèkì ń gbà kọjá gbé e kọ́.

Páàdì tí kò nípọn tó mílímítà 3 mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ti inú dáadáa, torí ó lè ti jẹ tán nígbà tí ti ìta ṣì dára; kálípà tó ń há ló sábà máa ń fà á. Àwọn kan á ní, “Ó ṣì máa gbé wa dé Ṣàgámù.” Èmi ò ní bá wọn wọ mọ́tò yẹn.

Tí wọ́n bá de táyà padà tán, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹ tó gbéra. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń wọlẹ̀ pátápátá.