Níbo Ni Kó Máa Lọ Ní Ọjọ́ Mọ́ńdè?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ẹbí, Ìta Fájì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi, nítorí àṣìṣe èmi fúnra mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi. Ọtí ti di bárakú fún un. Kó tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á ti dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta páragà. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọtí inú ọ̀rá á wà lápò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo pè é jáde níwájú gbogbo ìjọ, mo gbàdúrà, mo sì bá a wí kíkankíkan. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi lé e jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ti gbàdúrà, ẹ ti bá a wí. Níbo ni kó máa lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè?" N kò ní èsì kankan.

Nígbà tí mo wádìí, mo ka ìtàn kan tó dójú tì mí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti fi ọtí sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwò tó bá wá kò yọrí, òùngbẹ ọtí sì dé. Ó gbé fóònù, ó pe àlùfáà kan, Walter Tunks. Ó ní kó bá òun wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Àlùfáà náà kò bínú. Ó fún un ní orúkọ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́, ọ̀nà yẹn ló sì gbà pàdé dókítà Bob Smith, tí ọtí ń ba ayé tirẹ̀ náà jẹ́. Àwọn méjèèjì ló dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní AA. Lónìí, ó wà ní nǹkan bí 180 orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Ẹ̀yin ará, àlùfáà yẹn mọ ibi tó yẹ kó darí èèyàn sí. Èmi kò mọ̀.

Ní ìpàdé wọn, ẹnikẹ́ni kì í san owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí èèyàn fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Ẹnì kan á sọ bí ọtí ṣe lò ó àti bó ṣe ń gbé láìmu ún, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ẹni tó ti pẹ́ á mú ẹni tuntun lọ́wọ́. Àwọn kan lè ní èyí fẹ́ gba ipò àdúrà. Rárá o. Ẹ ka Jákọ́bù orí 5, ẹsẹ 16. Ara wa lẹ́nì kìíní-kejì ni ó ní ká máa jẹ́wọ́ fún, kò dárúkọ pásítọ̀ nìkan.

Bí irú èyí bá wà nílé yín, ẹ gbọ́ o.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dédé dá a dúró nílé. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ẹ má ṣe tì í mọ́lé fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọsibítù ìjọba wà ní Broad Street níbí. Ti Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, ń tọ́jú ẹni tí ọtí di bárakú fún. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Èkejì, ẹ béèrè ìpàdé lọ́wọ́ dókítà, tàbí kí ẹ wá orúkọ AA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, nítorí ọjọ́ àti ibi ìpàdé lè yí padà. Àwọn ìpàdé kan wà tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kò pọn dandan kó wà nítòsí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ojú mọ ojú. Bó bá fẹ́ sọdá afárá Carter kó lè sọ òótọ́, ẹ fún un lówó ọkọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bó bá ṣubú, kó tún padà lọ. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ náà ní ìpàdé tiyín, Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951.

Mo lọ sílé arákùnrin wa, mo tọrọ àforíjì. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní kí n sin òun lọ. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síta, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe tèmi. Kò tíì padà sí ìjọ wa, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbẹ̀.

Gbọ̀ngàn wa máa ń wà ní títì lọ́pọ̀ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí i fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, láìwàásù fún wọn, láìwo ojú ẹni tó wọlé. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ ọ̀tún tí a ó fi fa ara wa mọ́ra. Àmín.