Ohun Tí A Rí Ní Ilé Ìpọntí Glenlivet

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Kí ọ̀rọ̀ wa tó gùn, a fẹ́ kí ó hàn gbangba pé a kò wá síhìn-ín láti yin ọtí. Àwọn kan nínú wa kì í fi ẹnu kàn án nítorí ẹ̀sìn wọn, àwọn mìíràn sì mọ ilé tí ọtí ti sọ di ahoro. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn kan gbà sọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú igbó di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. A ti dé oko ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Skọ́tlándì, láàárín àwọn òkè, ni àfonífojì odò Livet wà, níbi tí ilé ìpọntí Glenlivet ti ń ṣe wísíkì. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àgùntàn sì ń jẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kí a tó wọ inú ilé náà ni òórùn rẹ̀ ti wá pàdé wa, òórùn bí ti ògì tí a ń sè lórí iná. Obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú àlejò yí ká ni ó gbà wá, ó sì mú wa láti yàrá dé yàrá.

Ohun tí a fi ń ṣe ọtí yìí kò ju mẹ́ta lọ: ọkà báálì, omi, àti ìwúkàrà. A ó rẹ ọkà náà sínú omi títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí hù, a ó sì fi ooru mú un gbẹ. Ohun tí a gbọ́ yìí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìyá wa ti ń mú àgbàdo hù kí wọ́n tó fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀ jáde, a ó sì fi ìwúkàrà sí i kí ó lè kan. Ìgbà náà ni yóò wọ inú ìkòkò bàbà ńláńlá tí ọrùn wọn gùn bí ọrùn ògòǹgò. Níbẹ̀ ni a ó ti sè é lẹ́ẹ̀mejì. Ooru rẹ̀ yóò gòkè, yóò gba inú páìpù kọjá, yóò sì tutù padà di ọtí tí ó mọ́ gaara bí omi.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa dúró pẹ́ jùlọ ni àpótí kan tí a fi idẹ àti dígí ṣe, tí a sì fi àgádágodo tì. Inú rẹ̀ ni ọtí ń gbà kọjá bí ó ti ń jáde. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde kò yẹ fún mímu, èyí tí ó jáde gbẹ̀yìn kò sì yẹ. Àárín nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn a sì dá orí àti ìrù rẹ̀ padà láti tún un sè. Òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í tọ́ ọ wò. Ojú ni ó fi ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí, pẹ̀lú ohun èlò tí ń wọn agbára ọtí àti èyí tí ń wọn ooru. Ní àtijọ́, ọwọ́ aṣojú ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà ń wà.

Láti ibẹ̀ a wọ inú ilé àgbá, níbi tí òtútù àti òkùnkùn wà. Òfin ilẹ̀ náà ni pé ọtí kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ wísíkì ilẹ̀ Skọ́tlándì bí kò bá lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi óákù, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí obìnrin náà sọ fún wa pé ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é, a wo ara wa, a sì rẹ́rìn-ín. Nítorí ní ilé tiwa, ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀ fún kí a tó mu. Ní ìparí, wọ́n bu díẹ̀ fún wa pẹ̀lú omi. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ wa kò mu ún níbẹ̀. Inú ìgò kékeré ni wọ́n rọ tirẹ̀ sí, kí ó lè mú un lọ sílé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá rí ibẹ̀ lónìí, ẹ ó rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni iyì náà ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọtí fàyàwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ọtí àfonífojì yìí. Owó orí tí ìjọba bù lé e wúwo, nítorí náà inú kòtò àti ẹ̀yìn òkè ni àwọn àgbẹ̀ ti ń sè é, tí wọ́n sì ń bá àwọn aṣọ́bodè jà. A gbọ́ pé nígbà tí Ọba George Kẹrin bẹ ìlú Edinburgh wò ní ọdún 1822, ọtí Glenlivet tí òfin ọba kò fi àṣẹ sí yìí gan-an ni ọba béèrè.

Ní ọdún 1823, ìjọba yí òfin padà. Wọ́n dín owó náà kù, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ sè é gba ìwé àṣẹ pẹ̀lú pọ́n-ùn 10 lọ́dún. Ní ọdún 1824, àgbẹ̀ kan tí à ń pè ní George Smith gba ìwé náà. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ó ṣì wà nínú fàyàwọ́, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí, débi pé onílẹ̀ kan ní Aberlour fún un ní ìbọn ìléwọ́ méjì láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tí orúkọ Glenlivet wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi ta ọjà, ọmọ rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì gba ẹ̀tọ́ orúkọ náà ní ọdún 1884. Ẹ kíyè sí i: òfin tí ó ṣeé pa mọ́ ni ó kọ́kọ́ dé, ìṣọ́ra tẹ̀lé e, iyì sì dé gbẹ̀yìn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ ìdí ẹmu ògùrọ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń sè é kí ó di ògógóró. Dúrọ́ọ̀mù ni ìkòkò wọn, wọn a sì tẹ páìpù gba inú omi tútù kọjá. Ọgbọ́n tí a rí ní Glenlivet náà ni. Ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òfin ka sísè rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí jíìnì ilẹ̀ òkèèrè ń san owó bodè wọlé ní Èkó, tí owó náà sì jẹ́ òpó kan pàtàkì fún ìjọba. Láti ìgbà náà ni tiwa ti wà nínú igbó. Títí di òní, ọtí inú ìgò láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kalẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti ìwúyè, tí a sì fi ń bá àwọn baba ńlá wa sọ̀rọ̀.

Ohun tí a kò ṣọ́ lè pa wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú ṣọṣẹ́ ní Òde-Ìrèlè. Ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ ni ó kú, ojú àwọn kan sì fọ́ kí wọ́n tó kú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ọtí ni wọ́n rí. Ní ọdún náà, ìjọba tún fi òfin de ògógóró. Ṣùgbọ́n ògógóró kò kúrò ní ọjà. Ṣe ni ó tún wọ inú òkùnkùn, níbi tí kò sí àpótí dígí, tí kò sì sí ẹni tí ń wò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá fún wọn ní ìwé àṣẹ, ọ̀mùtí yóò pọ̀ sí i. A kò fi ojú tín-ín-rín wo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mu ti ń mu ún. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ohun tí ó ń mu yóò pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà a rọ ẹ̀yin olóyè pé kí ẹ pe àwọn tí ń sè é ní àgbègbè yín jọ, kí wọ́n di ẹgbẹ́ tí a mọ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé sì bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ tí tálákà lè san owó rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa yẹ ọtí wò kí ó tó dé ọjà.

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Àwọn ará Livet náání tiwọn, àwa sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe tiwa tó bẹ́ẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn lè wá wò ó ní Ìrèlè, kí ó sì padà sílé láyọ̀.