Ọ̀rọ̀ Bàbá sí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Tí Wọn Yóò Yàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi etí sílẹ̀. Èmi tí mo fi owó kòkó rán yín ní ilé-ìwé kò ní yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí àga ọ́fíìsì yan iṣẹ́.

Ẹ wo olóògbé Làmídì Fákẹ́yẹ, tí a bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1928 sí ìdílé agbẹ́gilére. Bí ó tilẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà nílé, ó tún lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrẹògún. Nígbẹ̀yìn, yunifásítì Ifẹ̀ fi í ṣe olùkọ́; òun ni ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà níbẹ̀.

Ìwọ àkọ́bí mi, tí o fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ wá dáko, àwọn ẹbí ń bínú. Èmi kò bínú. Ṣùgbọ́n kòkó a máa gba ọdún 3 sí 5 kí ó tó so. Ǹjẹ́ o lè dúró dè é? Ǹjẹ́ o ṣe tán láti tún iṣẹ́ oko kọ́ dé gbòǹgbò? Bí o bá lè ṣe é, gba àdá.