IYÙN INÚ OMI TÍ KÒ TÒRÒ

Bí a bá dárúkọ iyùn láàárín àwọn Yorùbá, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ni ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń so ó mọ́rùn ni ó mọ̀ pé ilé tí ẹ̀dá alààyè kan kọ́ sísàlẹ̀ òkun ni. Iyùn ọ̀ṣọ́ yẹn, Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ àpáta sínú òkun ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, pàápàá èyí tí ń gbé inú omi tí kò tòrò.

Ẹranko ni iyùn. Ó kéré, ó rọ̀, ó ní ẹnu kan ṣoṣo tí ìka wẹ́wẹ́ yí ká, ó sì ń kọ́ ilé funfun tí ó le bí òkúta yí ara rẹ̀ ká. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá kọ́lé lé ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àpáta a dìde láti ìsàlẹ̀ òkun. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ewéko tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewéko wọ̀nyí fi ń se oúnjẹ, wọ́n sì ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ san owó ilé fún iyùn. Ìdí nìyí tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fi máa ń kọ́ni pé omi tí ó mọ́ gaara ni iyùn ń fẹ́. Omi tí ó rú ń dí oòrùn lọ́nà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ a sì rọlẹ̀ lé iyùn lórí, a dí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Abrolhos kò rí bí ìwé ti wí. Etíkun gúúsù Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl ni ó wà, Bahia kan náà tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ènìyàn máa ń túmọ̀ orúkọ náà ní èdè Pọtogí sí ‘La ojú rẹ!’, nítorí àwọn àpáta abẹ́ omi tí ń fọ́ ọkọ̀. Àpáta náà ṣàjèjì. Wọ́n dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí òpó, wọ́n sì fẹ̀ lórí bí olú. Chapeirão, èyí ni fìlà ńlá, ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Òmíràn ga ju mítà 20 lọ. Kò sí ibi tí àpáta iyùn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, síbẹ̀ ẹrẹ̀ tí ó ti orí ilẹ̀ wá ni ó yí àwọn tí ó súnmọ́ èbúté ká. Zelinda Leão, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí wọn.

Kì í ṣe odò nìkan ni ó ń da omi ibẹ̀ rú. Ní ìgbà òtútù, ìjì a fẹ́ láti gúúsù, ìgbì a sì ru ẹrẹ̀ tí ó ti rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ sókè. Ìwọ̀nba iyùn ni ó lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ gbé. Irú iyùn olókùúta tí ó wà ní gbogbo Bràsíl kò ju nǹkan bí 20 lọ, nígbà tí ti Òkìtì Iyùn Ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà ju 400 lọ. Àwọn díẹ̀ yìí mọ ìwà omi wọn. Àwọn ìdílé Mussismilia, tí í ṣe ọ̀gá nínú akọ́lé ibẹ̀, ní ẹnu tí ó tóbi. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá bà lé wọn, wọn a wú, wọn a mú ikun yíyọ̀ jáde, wọn a sì yí ìdọ̀tí náà dànù. Bí oòrùn kò bá tó, iyùn tún lè fi ìka rẹ̀ mú àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kọjá jẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ooru. Bí omi òkun bá gbóná kọjá ààlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àdéhùn àárín iyùn àti ayálégbé rẹ̀ a bàjẹ́. Iyùn a lé ewéko náà jáde, a sì funfun bí egungun. Oòrùn gangan ń dá kún ìyà yìí. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kan fi rò pé ẹrẹ̀ tí a ti ń bú láti ọjọ́ yìí lè di agboòrùn fún iyùn. Ọdún 2016 dàbí ẹni pé ó gbè wọ́n lẹ́yìn: ọ̀pọ̀ iyùn Abrolhos funfun, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú kò tó nǹkan. Ọdún 2019 wá da ọ̀rọ̀ náà rú. Ooru mú gan-an ní gúúsù Bahia, Millepora alcicornis, ìbátan iyùn tí ń jóni lára, sì kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Agboòrùn ń dí oòrùn. Kò lè sọ omi gbígbóná di tútù.

Ẹrẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn fà tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2015, odi Fundão, tí a fi sé ẹrẹ̀ ìwakùsà irin mọ́ nítòsí Mariana ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, ya. Ènìyàn 19 kú. Ẹrẹ̀ náà gba odò Doce, ó sì wọ òkun kí oṣù náà tó parí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìwọ̀n tí ó dé Abrolhos, tí ó wà ní àríwá ẹnu odò náà. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í dẹ́kun àtiru ìsàlẹ̀ òkun. Ẹrẹ̀ kò ní torí pé ìròyìn rẹ̀ ti tán kí ó má tún dìde. Igbó tí a ń gé létí odò ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo. Ẹni tí ó bá ní iyùn Abrolhos ti mọ ẹrẹ̀ jẹ, nítorí náà kí a máa da òmíràn sí i, kò rò ó dé ibì kankan.

Ìjọba Bràsíl sọ apá kan Abrolhos di ọgbà ìpamọ́ inú òkun ní 1983. Ọgbà náà lè dá ọkọ̀ apẹja dúró. Kò lè dá ooru dúró, kò sì ní àṣẹ lórí odi tí ó wà lórí òkè ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Mussismilia braziliensis, èyí tí ó pọ̀ lára àwọn fìlà ńlá wọ̀nyí, kò sí ní òkun ilẹ̀ mìíràn rárá. Bí ó bá tán níbẹ̀, kò sí ibi tí a ti lè lọ mú irú rẹ̀ wá.