Ọkọ̀ Akẹ́rù Ẹgbẹ́: Ìwé Rẹ̀, Awakọ̀ Rẹ̀ àti Ẹrù Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sọ níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́)

Wọ́n ní kí àwa alábẹ̀wò wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń fi owó ọmọ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Inú wa dùn sí i. Àgbẹ̀ tí ó bá ní ọkọ̀ tí yóò gbé iṣu rẹ̀ dé ọjà kò ní máa bẹ aláròóbọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yàtọ̀ sí àga àti ìbòrí tí ẹgbẹ́ fi ń ṣe háyà. Àga kò lè jáde lóru kí ó lọ wó ògiri onílé. Ọkọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò sì dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún 2023, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wò. A kò ní dárúkọ wọn. Ẹgbẹ́ dáadáa ni wọ́n, ìwé owó wọn mọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń kó gààrí àti àgbàdo àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ oko dín kù, awakọ̀ ń bá oníṣòwò kan kó sìmẹ́ńtì, ó ń gba owó ọkọ̀, ó sì ń jíṣẹ́ owó náà fún akápò. Kò sí olè níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà já sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó gbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó dúró, ó sì wó ògiri ilé ìtajà kan. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹnikẹ́ni kò kú.

Ẹgbẹ́ sáré lọ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò. Wọ́n ka ìwé àdéhùn sí wọn létí. Ẹgbẹ́ ti san owó ọkọ̀ tí ń kó ẹrù ara rẹ̀, wọn kò san owó ọkọ̀ tí ń kó ẹrù ẹlòmíràn gba owó. Sìmẹ́ńtì tí ó wà lórí ọkọ̀ ní òru ọjọ́ náà, ti ẹlòmíràn ni. Ilé iṣẹ́ náà kò san kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ògiri lé ní mílíọ̀nù 2 náírà, inú owó ẹgbẹ́ ni ó sì ti jáde. Oṣù Kẹsàn-án ni, ìgbà tí àwọn ọmọ ń padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá opó kan wà lórí ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí yíyá owó fún, kí ó lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta. Ìṣojú wa ni akápò ṣe sọ fún un pé, “Ẹ má bínú, Màmá, kò sí owó mọ́.” Ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ká ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní, ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìka kan ni ó ń ṣẹ̀, gbogbo ọwọ́ ni ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí ìyá yẹn ni a ṣe fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀.

ÌWÉ ỌKỌ̀

Ohun kìíní ni pé orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ó wà lórí ìwé ọkọ̀. Kí ó má jẹ́ orúkọ alága, kí ó má jẹ́ orúkọ akọ̀wé, bí ó ti wù kí a fọkàn tán wọn tó. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ènìyàn lójú òfin: ó lè ní ohun ìní, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Bí alága bá kú tí ọkọ̀ sì wà ní orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó máa bá rojọ́.

Ohun kejì ni nọ́ńbà ọkọ̀. Ní ilẹ̀ wa, nọ́ńbà tí a fi àwọ̀ búlúù kọ jẹ́ ti ọkọ̀ aládàáni, èyí tí a fi àwọ̀ pupa kọ jẹ́ ti ọkọ̀ tí ń gba owó. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò bá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pupa ni kí ó gbé.

Lẹ́yìn náà ni láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí VIO pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ ń fún ọkọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ owó, àti ìwé adójútòfò. Ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò parí lè má dọ́gba, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí adójútòfò. Dandan ni èyí tí ó kéré jù, tí a fi ń san ẹ̀san fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023, àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fi owó rẹ̀ sí 20,000 náírà fún ọkọ̀ tí ń kó ẹrù olówó rẹ̀, àti 100,000 náírà fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ṣe iṣẹ́ owó. Ó ní kí ilé iṣẹ́ lè san tó mílíọ̀nù 5 náírà lórí ohun ìní ẹlòmíràn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn wọn yẹn fi 80,000 náírà pamọ́, wọ́n sì fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 san án. Òfin adójútòfò tuntun ti jáde ní ọdún 2025, nítorí náà ẹ béèrè iye tí ó wà lóde kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè, ẹ sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe. Ìwé tí a bá fi irọ́ gbà kì í dúró ní ọjọ́ ìpọ́njú.

AWAKỌ̀

Ìwé ìwakọ̀ ní oríṣi. Èyí tí ó ní lẹ́tà D kò fún ènìyàn ní àṣẹ láti wa ọkọ̀ gba owó. Lẹ́tà E ni ti awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀ àjàgbé tí orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Lẹ́tà G ni ti àjàgbé. Kí akọ̀wé gba ìwé náà lọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ó wo lẹ́tà rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì.

Ìlànà ìrìnnà ọdún 2012 fi eré ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo sí kìlómítà 45 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 50 ní òpópónà, àti 60 ní òpópónà márosẹ̀. Láti ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ti ń béèrè ẹ̀rọ tí ń dín eré kù lára ọkọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ owó. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì já wáyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kì í ṣe ti awakọ̀. Bí ẹ bá ní kí ó dé Èkó kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin ni ẹ ní kí ó sùn lórí ìdarí ọkọ̀. Kí ó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi. Ẹ má sì gbàgbé pé òṣìṣẹ́ yín ni òun àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀san òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò ìjọba tí a yà sọ́tọ̀, kí a lè tọ́jú ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

ẸRÙ

Àwa àgbẹ̀ fẹ́ràn kí ọkọ̀ kún. A máa ń wí pé, “Ó ṣì lè gba àpò mẹ́wàá sí i.” Ní ọdún 2012, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi ẹnu kò pé ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì ń yí kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 11.5 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá kan ní Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń yí ọkọ̀ lórí ọ̀nà títí ọ̀nà fi fọ́. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé bí ìwọ̀n tí ó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ ọ̀nà a máa súnmọ́ ìlọ́po 16. Ihò tí ó ń fọ́ sípíríǹgì ọkọ̀ yín lónìí, àpò mẹ́wàá àná wà lára ohun tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹrù àpọ̀jù sì ń mú kí táyà gbóná kí ó bẹ́, kì í sì í jẹ́ kí bíréèkì mú.

Ẹrù gbọdọ̀ so dáadáa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, àpótí ẹrù ńlá kan já bọ́ láti ara ọkọ̀ àjàgbé sórí ọkọ̀ èrò ní Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ènìyàn 9 sì kú. Kí awakọ̀ má kúrò níbi tí ó ti di ẹrù títí yóò fi yẹ gbogbo okùn tàbí kọ́kọ́rọ́ tí ó di ẹrù náà mú wò.

Ara ọkọ̀ ńkọ́? Kí iná gbogbo máa tàn. Kí ẹ̀rọ ìpaná, àmì onígun mẹ́ta méjì àti táyà àfipamọ́ wà nínú rẹ̀. Kí a lẹ ọ̀já tí ń tan iná padà mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà pọ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí a má lo táyà tí ó ti ju ọdún 4 lọ, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ẹgbẹ́ tàbí àpapọ̀ ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá tó 5, ó gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí ó sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó ààbò ọkọ̀. Ètò yìí ti wà láti ọdún 2007.

OWÓ

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín: “Owó dà?” Nígbà tí a bá yẹ ìwé owó wò, a sábà máa ń rí ìlà kan tí kò ní rìsíìtì. Wọ́n ń pè é ní “owó ojú ọ̀nà.” Ká ní 2,000 náírà ni ní ìdúró kan, ká ní ìdúró 3 ni ní ìrìn àjò kan, ká sì ní ìrìn àjò 2 ni lọ́sẹ̀. 12,000 náírà lọ́sẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 50, ó di 600,000. Owó adójútòfò gidi lọ́nà mẹ́fà ni, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan yóò wí pé, “Alábẹ̀wò, kódà bí ìwé bá pé, wọ́n ṣì ń béèrè.” Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, a kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè dúró kí ó wí pé, “Ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀.” Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé kò lè sọ ọ́, òun náà mọ̀, ẹni tí ó dá a dúró náà mọ̀.

Nítorí náà, kí iye tí ẹ ń gbà fún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ní owó ìwé, owó táyà àti owó àtúnṣe nínú. Ẹ ya owó náà sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ pè é ní Owó Ọkọ̀. Kí ó má jẹ́ inú owó àpamọ́ ẹgbẹ́, èyí tí òfin ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún máa lọ sí, ni ẹ óò ti máa ra táyà.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí ẹ fa ìlà mẹ́ta: orúkọ ìwé, ọjọ́ tí a gbà á, ọjọ́ tí yóò parí. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ kan, tí kì í ṣe awakọ̀ tí kì í sì í ṣe akápò, máa tọ́jú rẹ̀. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí a tó ka ìwé owó, kí ó dìde kí ó kà á síta. Ìwé tí ó bá ku oṣù kan kí ó parí, ìpàdé náà ni kí ẹ ti fọwọ́ sí owó rẹ̀. Ìwé tí ó bá ti parí, kí ọkọ̀ dúró sílé. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ fi dúró kò lè ba ẹgbẹ́ jẹ́.

Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn wọn, wọn kò túká. Ó gbà wọ́n ní ọdún méjì kí àpò wọn tó padà sí bí ó ti wà. Nígbà tí a padà lọ bẹ̀ wọ́n wò, ìyá opó yẹn ni wọ́n ti fi ìwé ọkọ̀ sí lọ́wọ́. Ó dìde ní ìpàdé, ó kà á ketekete, ó sì wí fún awakọ̀ pé, “Ìwọ ọmọ mi, VIO yóò parí ní ọjọ́ Jímọ̀. Kọ́kọ́rọ́ dà?” Awakọ̀ fà á lé e lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ àwọn ọkọ̀ wa, kí àwa náà sì máa ṣe tiwa.