Abúlé Kan Kò Lè Dá A Ṣe

Ní ọdún 1997, àwọn obìnrin Malicounda Bambara ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl jáde ní gbangba, wọ́n ní àwọn kò ní í dábẹ́ fún ọmọbìnrin mọ́. Àwọn ará abúlé mìíràn bínú. Demba Diawara, Lèmọ́mù Keur Simbara, sì mọ ìdí rẹ̀: bí àna kò bá gbà, ta ni yóò fẹ́ ọmọ tí a kò dábẹ́ fún? Nítorí náà ni ó ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Ní ọdún 1998, abúlé 13 pa ohùn pọ̀ ní Diabougou láti fi oró náà sílẹ̀.

Àwa Yorùbá pẹ̀lú mọ abẹ náà. Òfin Nàìjíríà sì ti kà á léèwọ̀ láti ọdún 2015. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í wọ ìyẹ̀wù àna. Ẹ jẹ́ kí a dìde, kí a lọ bá wọn sọ ọ́.